Ohùn Ìyá Ilé àti Etí Bàbá Ẹlẹ́rọ

Lọ́jọ́ tí a ṣe fìdáù bàbá àgbà mi, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sọ̀rọ̀ nípa wọn. Lèmọ́mù ní ẹni Ọlọ́run ni wọ́n. Àwọn obìnrin ọjà Ipata ní kò sí ẹni tó ń lọ èlùbọ́ kúnná bíi tiwọn mọ́ ní gbogbo Ìlọrin. Bàbá Gàrúbà, ọ̀rẹ́ wọn, gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ àáfà, wọ́n bú sẹ́kún, wọ́n sì dá a padà. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ ló jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dárúkọ ohun tí Bàbá ń wá jù lọ ní òpin ayé wọn. Bàbá fẹ́ gbọ́ ohùn ìyàwó wọn lẹ́ẹ̀kan sí i kí etí wọn tó kú pátápátá. Ohùn náà kò sì jìnnà. Ó wà nínú kọ̀ǹpútà, nínú yàrá tó kọjú sí tiwọn.

Ìwé tí mo kà kò ju ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ, nítorí náà bí mo ṣe rántí rẹ̀ ni n ó ṣe kọ ọ́. Yàtọ̀ sí àbíkẹ́yìn wọn, àwa obìnrin ilé nìkan ló mọ ọ̀rọ̀ náà dé ìdí, obìnrin ilé wa kì í sì í gba gbohùngbohùn níbi fìdáù.

Bàbá Ẹlẹ́rọ ni gbogbo ayé ń pè wọ́n. Ẹ̀rọ ìlọta wọn ti wà ní Ipata kí wọ́n tó bí mi. Ẹ̀rọ àtijọ́ ni, èyí tí wọ́n máa ń fi irin yí kó tó gbéra, tí yóò wá máa gbó bí ajá tí wọ́n so mọ́ òpó. Inú ariwo yẹn ni Bàbá ń gbé láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ̀rọ náà bá ń ṣàìsàn, wọn kì í fetí sí i. Àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n máa ń gbé lé e, bí ìyá ṣe ń fọwọ́ kan ọrùn ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Wọn á dijú, wọn á ní, “Bẹ́líìtì yìí ti fẹ́ já.” Bẹ́líìtì náà yóò sì já lóòótọ́. Mo bi wọ́n léèrè nígbà kan bí wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní, “Ẹ̀rọ kì í díbọ́n. Ènìyàn ló máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí inú rẹ̀ ti bàjẹ́.”

Ẹ̀rọ yìí náà ló jẹ etí wọn. Kò jẹ ẹ́ lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ló ń bù ú jẹ, bí eku ṣe ń jẹ àpò àgbàdo láti ìdí. Ohùn ẹyẹ ló kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni ohùn àwa ọmọdé lọ, ohùn àwọn obìnrin sì ń tẹ̀ lé e. Ohùn ọkùnrin tó bá wúwo ló kù tí wọ́n ń gbọ́ dáadáa. Wọ́n ní lọ́jọ́ Jímọ̀ tí àwọn kì í ṣí ilé ẹ̀rọ pàápàá, ẹ̀rọ náà kì í dákẹ́ nínú orí àwọn. Nítorí náà wọ́n kọ́ bí a ṣe ń wo ẹnu. Obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Ìyá Súlè, tó máa ń gbé ata wá, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ata náà lọ.

“Bàbá Ẹlẹ́rọ! Mo ní kí ẹ lọ tèmi lẹ́ẹ̀mejì!”

“Kí lo wí?”

“Lẹ́ẹ̀mejì!” Ó yíjú sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. “Ẹ wò ó, ẹ̀rọ ti jẹ etí bàbá yìí tán.”

“Ó jẹ etí mi, kò jẹ ojú mi,” ni Bàbá wí. “Mo rí ohun tí o sọ. Mo sì rí ìdí ata tí o kò já, tí o fẹ́ kí ẹ̀rọ mi máa bá ọ já.”

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Súlè káwọ́ lérí. “Yéè! Ẹ gbà mí o, bàbá yìí ń fi ojú gbọ́rọ̀!”

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n da ata náà sẹ́nu ẹ̀rọ, wọ́n ní, “Ìyá Súlè, lọ́jọ́ tí o bá tún fẹ́ bú mi, kẹ́yìn sí mi kó o tó bẹ̀rẹ̀.”

Èmi ni wọ́n máa ń bá wí jù nílé lórí ọ̀rọ̀ etí yìí, nítorí ohùn mi kéré. Bí mo bá gbé oúnjẹ lọ fún wọn tí mo kúnlẹ̀, tí mo kí wọn, wọ́n máa ń rò pé n kò kí àwọn. Màmá mi á pariwo láti ilé ìdáná pé, “Múíbátù, sọ̀rọ̀ sókè, odi kọ́ ni ìwọ!” Bàbá ló yanjú rẹ̀. Wọ́n fi ìka gbé àgbọ̀n mi sókè, wọ́n ní, “Ohùn ọmọ yìí kì í kọjá eyín rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀. Bí mo bá ti rí ètè rẹ̀, ó ti tó mi.”

Ìyàwó wọn, ìyá tó bí màmá mi, ni à ń pè ní Ìyá Ilé. Orúkọ náà bá wọn mu, nítorí ẹlẹ́hàá ni wọ́n. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé wọn wọ ilé Bàbá ní àdúgbò Gàmbàrí, wọn kì í jáde bí kò bá ṣe pé ọ̀ràn ńlá ni. Bí wọ́n bá sì jáde, aṣọ dúdú á bò wọ́n láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Bàbá ló ń ra ata wọlé. Bàbá ló ń ra ẹran, òun ló ń ra òwú àti abẹ́rẹ́, òun ló sì ń ra tìróò tí Ìyá Ilé ń lé sójú. Ẹlẹ́ran kan ní Ipata fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú èmi náà. Ó ní, “Bàbá, ẹ dákun, nínú ilé yín, ẹ̀yin ni ọkọ ni àbí ẹ̀yin ni ìyàwó?”

Bàbá ń yan ẹran lọ ní tiwọn. Wọ́n dáhùn láìgbójú sókè. “Èmi ni ilẹ̀kùn.”

Ṣùgbọ́n nínú ilé, láàrin àwọn obìnrin, kò sí ẹni tó ń kọ wákà bíi Ìyá Ilé. Bí wọ́n bá sọ ọmọ lórúkọ, tàbí bí ọmọ bá parí Alùkùránì, àwọn obìnrin àdúgbò á kún ẹ̀yìnkùlé wa títí dé ìdí kànga. Ìyá Ilé á jókòó sórí ẹní, wọn á kọ́kọ́ wúkọ́, wọn á wá gbé ohùn. Ohùn náà kò tóbi, ṣùgbọ́n ó gùn, kò sì ní ìwárìrì. Bàbá á wà ní ìta ní tiwọn, lẹ́yìn aṣọ ìkélé, wọn á máa ka tẹ̀sùbáà bí ẹni pé wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Gbogbo wa mọ̀ pé tẹ̀sùbáà náà kì í kúrò lójú kan títí orin á fi parí.

Ìgbà kan wà tí àwọn ará ilé kan bẹ Bàbá kí Ìyá Ilé wá kọ wákà níbi ìgbéyàwó ọmọ àwọn. Wọ́n ní àwọn á ta aṣọ yí wọn ká, ọkùnrin kankan kò ní rí wọn. Bàbá bi wọ́n bóyá gbohùngbohùn máa wà níbẹ̀. Wọ́n ní yóò wà. Bàbá ní kò ṣeé ṣe. Ìyá Ilé bínú débi pé wọn kò kọrin nílé fún ìgbà pípẹ́, àní wọn kò kọ èyí tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ. Nígbà tí ó sú Bàbá, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, wọ́n ní, “Ìyá Ráhámátù, ara rẹ ni ohùn rẹ. Aṣọ tí mo fi bò ọ́, mo fi bo ohùn náà ni.” Ìyá Ilé ń ṣa ìrẹsì lọ́wọ́. Wọ́n ní, “Ọlọ́run tó fún mi ní ohùn, ṣé kò mọ̀ pé mo máa lọ́kọ ni?”

Màmá mi, tí í ṣe Ráhámátù yẹn, ló gba ohùn Ìyá Ilé sílẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ tí wọ́n sọ àbúrò mi lórúkọ. Rẹ́díò kékeré ni wọ́n fi gbà á, wọ́n gbé e sáàrin àwọn obìnrin lórí ẹní. Àtẹ́wọ́ wà nínú rẹ̀, ẹkún ọmọ wà nínú rẹ̀, ìró abọ́ wà nínú rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo náà ni gbogbo ohun tó kù nígbà tí Ìyá Ilé kú. Àyà ló ń dùn wọ́n nígbà ọyẹ́, wọ́n ní kò le, ọyẹ́ náà kò sì tíì kásẹ̀ nílẹ̀ tí a fi sin wọ́n.

Láti ìgbà náà, bí Bàbá bá ti kírun àsárì, wọn á gbé rẹ́díò kékeré náà, wọn á fi sípíkà rẹ̀ lẹ etí ọ̀tún bí ẹni tó fi orí lé ìrọ̀rí. Wọ́n ṣì ń gbọ́ díẹ̀ nígbà náà. Bí a bá kọjá níwájú wọn, wọn á gbé ọwọ́ sókè pé kí a rọra, bí ẹni pé ẹsẹ̀ wa lè bo orin náà mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì máa ń gbó. Ohùn Ìyá Ilé bẹ̀rẹ̀ sí í há bí ti ẹni tí ọ̀fìnkìn mú. Ráúfù, àbíkẹ́yìn Bàbá, ló ní òun mọ ohun tí a máa ṣe. Àbúrò màmá mi ni Ráúfù, ṣùgbọ́n a jọ dàgbà ni, kò gbà kí n máa pe òun ní bọ̀ọ̀dá. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Táíwò Road tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà tẹ ìwé. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ ra tuntun, ó fún un ní èyí tó ti gbó. Ráúfù gbé e wálé, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì fi ihò kéékèèké ẹ̀yìn rẹ̀ han Bàbá. Ó ń la ẹnu rẹ̀ gbàgàdà kí Bàbá lè rí i.

“Ihò yìí ló fi ń gbọ́ràn, Bàbá. Èyí ló fi ń sọ̀rọ̀ jáde.”

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wò ó. “Ó sàn jù mí lọ. Tèmi, èyí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ nìkan ló kù.”

Ráúfù fi wáyà so rẹ́díò mọ́ ihò ìgbọ́ràn kọ̀ǹpútà, ó jẹ́ kí kásẹ́ẹ̀tì náà kọrin tán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kọ̀ǹpútà sì gba gbogbo rẹ̀. Ó ní kò lè gbó mọ́ láéláé níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló bà wá jẹ́. Bàbá kò mọ̀ pé ohùn kan lè wà níhìn-ín kó tún wà lọ́hùn-ún. Lójú tiwọn, bí ẹni da gàrí láti inú àpò sínú igbá ni. Wọ́n ní kí Ráúfù tún tẹ kásẹ́ẹ̀tì náà kí àwọn wò ó bóyá ohùn náà kò ti tán nínú rẹ̀. Ráúfù tẹ̀ ẹ́. Bóyá ara kásẹ́ẹ̀tì náà ti rẹ̀ ni, n kò mọ̀. Rẹ́díò gbé e mì. Ó ń fa okùn rẹ̀ wọnú, ó ń ká a pọ̀.

Kí Ráúfù tó nawọ́, Bàbá ti ki ìka bọ̀ ọ́. Nídìí ẹ̀rọ ìlọta, bí nǹkan bá há, a kì í dúró rò ó. A máa ń fà á jáde kíákíá kó má ba òkúta tó ń lọ ata jẹ́. Bí wọ́n ṣe fa okùn kásẹ́ẹ̀tì náà nìyẹn, pẹ̀lú agbára ọwọ́ tí wọ́n fi ń fa bẹ́líìtì. Ó já, ó sì wé mọ́ ìka wọn, ó ń dán bí irun.

“Kò burú, Bàbá,” ni Ráúfù ń wí. “Ó wà nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ fọkàn balẹ̀.”

Ó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kọ ọ́. Àwa gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n sípíkà tó bá kọ̀ǹpútà wá kò tóbi ju agolo mílíìkì lọ, ohùn inú rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́. Bàbá gbé etí ọ̀tún lé e, wọ́n gbé ti òsì lé e. Wọ́n wò wá lójú.

“Níbo ló wà nínú rẹ̀?”

“Kò ṣeé rí, Bàbá. Ó ti di nọ́ńbà. Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú ohùn.”

Bàbá ń tú okùn náà kúrò níka wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n ní, “Ẹ ti sin ín lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Sínú àpótí tí èmi ò lè ṣí.”

Sítẹ́rìó ńlá kan wà ní pálọ̀ wa, tí sípíkà rẹ̀ méjèèjì ga tó ọmọ tó ti ń rìn. Òun ni Bàbá fi ń gbọ́ wàásí. Wọ́n máa ń yí i sókè débi pé àwọn ará ilé kejì kì í ra kásẹ́ẹ̀tì wàásí tiwọn mọ́. Ráúfù ní bí òun bá lè gbé ohùn láti ihò ìsọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà lọ sí ihò ìgbọ́ràn sítẹ́rìó, Bàbá á gbọ́ Ìyá Ilé bí wọ́n ṣe ń gbọ́ àáfà. Ó wá wáyà gígùn kan wá láti Táíwò Road. Orí kan ṣoṣo ló ní níhà kọ̀ǹpútà, níhà sítẹ́rìó ó pín sí méjì, pupa àti funfun. Ó fà á láti yàrá gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ pálọ̀. Ó fẹ́ fi ya Bàbá lẹ́nu ni, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sán ni. Bàbá wà lábẹ́ ibòji níwájú ilé pẹ̀lú Bàbá Gàrúbà àti àwọn ọkùnrin àdúgbò. Ráúfù kò rántí pé ibi tí Bàbá yí ohùn sítẹ́rìó sókè dé fún wàásí ló ṣì wà. Ó ki wáyà bọ ihò. Ohùn Ìyá Ilé sì bẹ́ jáde ní gbogbo fèrèsé, ó gba ojúde kọjá, ó dé títì.

Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mo rí àwọn ọkùnrin náà. Gbogbo wọn gbójú sókè. Ọ̀kan ní, “Súbúhánà-Lọ́ọ̀! Ohùn ta nìyí?” Òmíràn na ọwọ́ sí Bàbá, ó ń rẹ́rìn-ín. “Bàbá Ẹlẹ́rọ! Ẹ ti gbé ìyàwó tuntun, ẹ ò sọ fún wa! Ẹ jẹ́ ká wá kí i!”

Bàbá kò gbọ́ orin náà. Ẹnu ọkùnrin yẹn ni wọ́n rí. Wọ́n yíjú sí ọ̀rẹ́ wọn. “Gàrúbà, kí ló ń sọ?” Bàbá Gàrúbà mọ ohùn náà, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń jókòó sójúde wa. Wọ́n tẹ orí ba, wọ́n ń wo bàtà wọn.

Bàbá ti mọ̀. N kò rí wọn kí wọ́n sáré rí, àfi ọjọ́ yẹn. Wọ́n já wáyà náà kúrò lára sítẹ́rìó, gbogbo ilé sì dákẹ́.

“Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi bò ó. Ìwọ fi wáyà kan ṣí i síta!”

“Bàbá, wọ́n ti kú!” Ráúfù náà ń pariwo, omi wà lójú rẹ̀. “Wọ́n ti kú! Ta ló kù tí ẹ ń bò?”

Bàbá ń ká wáyà náà mọ́ ọwọ́. “Òkú gan-an ni à ń bò, ọmọ mi. Alààyè lè bo ara rẹ̀.”

Wọ́n ti wáyà náà mọ́ inú àpótí aṣọ wọn. Ráúfù kó lọ sí Táíwò Road, ó ń sùn ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. A fi aṣọ bo kọ̀ǹpútà.

Màmá mi bẹ̀ wọ́n títí. Ráúfù rán ohun tí wọ́n ń fi há etí sí wọn, èyí tí ẹlòmíràn kò ní gbọ́. Bàbá fi í sétí, wọ́n yọ ọ́, wọ́n ní kòkòrò kan ń ké níbẹ̀, kì í ṣe ìyàwó àwọn. Ráúfù ránṣẹ́ pé òun lè tún un gbà sínú kásẹ́ẹ̀tì mìíràn. Bàbá ní kásẹ́ẹ̀tì ní ẹsẹ̀, ó lè bá ẹnikẹ́ni jáde, àpótí tó wà lórí tábìlì yẹn kì í rìn. Màmá mi ní kí a fi tìmùtìmù dí fèrèsé. Bàbá wo fèrèsé, wọ́n wo ògiri ilé Bàbá Gàrúbà tó lẹ̀ mọ́ tiwa, wọ́n mi orí pé rárá. Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ ń lọ, etí wọn sì ń kú lọ. Wàásí pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún wọn. Bí wọ́n bá ti ọjà dé, wọ́n máa ń ya yàrá kọ̀ǹpútà, wọn á gbé aṣọ orí rẹ̀ sókè díẹ̀. Màmá mi gbọ́ wọn nígbà kan. “Ìyá Ráhámátù, mo ti dé o. Mo ra ẹja.”

Ó yẹ kí n sọ bí Jímọ̀ ti rí sí Bàbá. Ibà kò dá wọn dúró rí, òjò kò dá wọn dúró rí. Ọdún kan tí ẹsẹ̀ wọn wú, kẹ̀kẹ́ ẹrù ni wọ́n fi tì wọ́n dé mọ́ṣáláṣí. Wọ́n ní ẹni tó bá ń pa Jímọ̀ jẹ ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ látìta.

Lẹ́yìn Iléyá ọdún yẹn, ní ọjọ́bọ̀ kan, wọ́n rán mi sí Ráúfù pé kó wá lọ́la kí ládàánì tó pè. Ó dé, ó dọ̀bálẹ̀. Bàbá kò sọ̀rọ̀ ìjà. Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti ṣe àlùàlá, wọ́n ti wọ agbádá funfun, tùràrí ń ta sánsán lára wọn. Wọ́n ṣí àpótí, wọ́n gbé wáyà náà fún un.

Bàbá Gàrúbà yọjú lẹ́nu ọ̀nà bí ìṣe wọn. “Ẹlẹ́rọ, ó yá o! Ládàánì ti pè.”

“Máa lọ.”

“Ara ò yá ni?”

“Ara yá.”

“Ẹ ò ní wá sí Jímọ̀ ni?”

“Gàrúbà, máa lọ. Bá mi tọrọ àforíjìn níbẹ̀.”

Bàbá Gàrúbà wo aṣọ funfun náà, wọ́n wo Ráúfù tó kúnlẹ̀ nídìí sítẹ́rìó, wọ́n wo wáyà. Wọ́n rọra fa ilẹ̀kùn ojúde mọ́ra bí wọ́n ṣe ń lọ, wọ́n sì rí i dájú pé ó pa dé.

Ìgbà náà ni mo lóye rẹ̀. Wákàtí yẹn nìkan ni kì í sí ọkùnrin ní àdúgbò wa. Gbogbo wọn á wà ní mọ́ṣáláṣí, àwọn obìnrin àti ọmọ wẹ́wẹ́ nìkan ló máa kù nílé. Bàbá ti wá wákàtí tí wọ́n lè ṣí ìyàwó wọn láìsí ojú ọkùnrin níbẹ̀, wọn kò sì rí òmíràn àyàfi èyí tó jẹ́ ti Ọlọ́run.

Wọ́n fa àga, wọ́n gbé e sáàrin sípíkà méjèèjì. Iná wà, a dúpẹ́. Ihò ìgbọ́ràn ni Ráúfù kọ́kọ́ ki wáyà bọ̀, nǹkan kan kò dún. Ó yí i sí ìkejì. Àtẹ́wọ́ jáde, ẹkún ọmọ jáde, Ìyá Ilé wúkọ́. Ìró abọ́ jáde. Lẹ́yìn náà ni ohùn gígùn náà gbéra, ó mọ́ ju ti inú rẹ́díò kékeré náà lọ. Màmá mi jókòó sílẹ̀ lójijì bí ẹni tí wọ́n já lókùn. Àwọn obìnrin ilé kejì yọ láti ilé ìdáná wọn, wọ́n dúró lẹ́yìn fèrèsé, wọ́n ń fi ìborí nu ojú.

Bàbá ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní, “Ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀ ni?”

Ráúfù yí i sókè. Ife inú kọ́bọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó tún yí i sókè títí kò fi lè yí mọ́, ó ń wo ojú bàbá rẹ̀. Bàbá dijú, wọ́n fara balẹ̀ pẹ́. Nígbà tí wọ́n la ojú, wọ́n ní, “Ẹ̀rọ ni mo ń gbọ́. N kò gbọ́ ọ.”

Ráúfù fi orí lé orúnkún wọn. Wọ́n fọwọ́ pa á lórí, wọ́n sì fi ọwọ́ kejì pè mí. Wọ́n ní kí n jókòó síwájú àwọn, kí n máa wí ohun tí Ìyá Ilé bá ń wí. Mo jókòó. Èmi ò gbé ohùn, ètè ni mo ń fi tẹ̀ lé Ìyá Ilé:

Ọba tí kì í tòògbé,
má jẹ́ kí n sùn gbàgbé Rẹ.
Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tẹ́ mi sílẹ̀,
jẹ́ kí ilẹ̀ fẹ̀ fún mi.

Bàbá ń wo ẹnu mi. Ètè tiwọn náà ń mì díẹ̀díẹ̀, ó ń pẹ́ lẹ́yìn tèmi díẹ̀, bí ẹni tó ń rìn ní ọ̀nà tí kò rí dáadáa. A ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, n kò mọ bó ti pẹ́ tó. Mo rò pé èmi nìkan ni wọ́n ń wò. Ṣùgbọ́n fèrèsé tó kọjú sí ọ̀nà mọ́ṣáláṣí wà lẹ́yìn mi, ibẹ̀ ni wọ́n kọjú àga náà sí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá Ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí ẹsẹ orin tó tẹ̀ lé e nígbà tí Bàbá gbé ọwọ́ sókè.

“Ẹ pa á,” ni wọ́n wí. “Àwọn ọkùnrin ti ń bọ̀.”